Ìdáhùn: "agbẹjọ́rò kékeré" kò yẹ iṣẹ́ wa

Ẹ̀yin àgbà wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sórí ìjíròrò èdè wa yìí ní àná pé kí a máa pe òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bá agbẹjọ́rò ṣètò ìwé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹni tí àwọn Òyìnbó ń pè ní paralegal, ní "agbẹjọ́rò kékeré". Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ti fi "igbákejì agbẹjọ́rò" kún un, ẹlòmíràn sì mú "atọ́jọ́" wá. Iṣẹ́ náà ni èmi ń ṣe lábẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí mo ní fún ẹ̀gbọ́n, n kò gba èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fẹ́ kí a yẹ ìdí rẹ̀ wò kí wọ́n tó ráyè wọ inú ìwé ìròyìn àti rédíò.

Ẹ jẹ́ kí a tú agbẹjọ́rò palẹ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni a fi síwájú gba ẹjọ́ rò. Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ni ó wà níbẹ̀, ẹjọ́ sì wà láàrin wọn. Ẹni tó gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́, tó sì dìde dúró rò ó níwájú adájọ́, òun ni agbẹjọ́rò. Orí rò ni gbogbo agbára ọ̀rọ̀ náà wà, rò yìí gan-an ni òfin Nàìjíríà sì fi dù wá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò tó wà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kò gbọdọ̀ gba ẹjọ́ ẹlòmíràn rò ní kóòtù, bí ó bá sì ń ṣe bí ẹni pé agbẹjọ́rò ni òun, ó ti ṣẹ̀ sí òfin. Òfin Legal Aid ti ọdún 2011, tó fún àjọ tó wà fún ìrànwọ́ aláìní lágbára láti fún ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ wa ní ìwé àṣẹ, kò sọ onítọ̀hún di agbẹjọ́rò rárá. "Kékeré" tí ẹ̀gbọ́n fi sí i kò yọ rò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn sọ fún ẹlẹ́jọ́ pé rírò náà yóò kéré ni, bẹ́ẹ̀ kò sí rírò kankan lẹ́nu wa.

Igbákejì burú ju kékeré lọ. Igbákejì gómìnà ni ó ń di ipò gómìnà mú bí gómìnà kò bá sí nílé. Bí agbẹjọ́rò bá ṣàìsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ta ni yóò jẹ́ kí n wọ ẹ̀wù dúdú rẹ̀ lọ dúró níwájú àwọn adájọ́ ní kóòtù Ìyágankú, ní Ìbàdàn níbí?

Ní ti "atọ́jọ́", ẹni tó mú un wá ṣàlàyé pé tọ́ ẹjọ́ ni òun ní lọ́kàn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n etí ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbọ́ tọ́jọ́ tí kò ní í rò ó sí tọ́ ọjọ́, ohun tó pẹ́ láyé? Ní ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń sunkún pé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ń fa ọdún sẹ́yìn, orúkọ yìí yóò sọ wá di ẹni tí ń mú ẹjọ́ pẹ́ nílẹ̀, àwa tí a ń sáré nítorí ọjọ́.

Ọjọ́ ni olórí iṣẹ́ wa. Òfin Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ní abala kẹrìnlélógún, fún ẹni tí ìdájọ́ ìkẹyìn kò tẹ́ lọ́rùn nínú ẹjọ́ láàrin ará ìlú ní oṣù mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ ìpinnu tí adájọ́ ṣe nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́ ni, ọjọ́ 14 péré ni. Bí ó bá jẹ́ ẹjọ́ ọ̀ràn dídá, ọjọ́ 90 ni. Àgbà akọ̀wé kóòtù tó kọ́ mi níṣẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, kì í jẹ́ kí a jókòó kí a tó kọ ọjọ́ tí gbèdéke pé sí ẹ̀yìn fáìlì. Lẹ́yìn èyí ni a óò wá máa lépa ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù fọwọ́ sí, tí a óò sì kó gbogbo àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ jọ ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹ̀sùn títí dé orí ìdájọ́, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí àwọn ẹlẹ́rìí fi sílẹ̀. Àwọn adájọ́ mẹ́ta tí yóò gbọ́ ẹjọ́ náà kì í sábà pe ẹlẹ́rìí padà. Ohun tó bá wà nínú ìdìpọ̀ yẹn ni wọn yóò kà. Gbólóhùn tí kò bá sí níbẹ̀ dà bí èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan èdè wa gbọ̀ngbọ̀n, ó sì ń dùn mí pé ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà á. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 36, ní kí a fún ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. Ẹlẹ́rìí ń sọ Yorùbá, ògbufọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀, adájọ́ sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì yẹn nìkan ni ó ń dé iwájú àwọn adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ wo obìnrin tó bá sọ pé, "Ó bá mi jà." Ṣé ọwọ́ ni ó fi bá a jà ni, àbí ẹnu? Ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà mọ̀. Ẹni tí ń ka ìwé lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà kò mọ̀, ẹ̀wọ̀n sì lè dá lórí ìyàtọ̀ náà. Ẹni tó bá ti rí irú èyí kò ní í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Bàbá wa kan lórí ìjíròrò yìí béèrè bóyá a ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́ rárá. A ní in, bàbá. Ní 1920, Herbert Macaulay tẹ̀ lé Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Olúwa ní Èkó, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Apápá, ó ń ṣe akọ̀wé àti ògbufọ̀ fún un. Ní 1921, Privy Council, tí í ṣe òpin ẹjọ́ wa títí di 1963, dá Olóyè Olúwa láre. Òtítọ́ ni pé ìjọba ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́, àwa sì ń jẹun lábẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ kan náà ni. Àwọn agbẹjọ́rò ni ó ro ẹjọ́ náà. Macaulay kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, awọnlẹ̀ ni.

Ẹ wo awọnlẹ̀ yẹn dáadáa: a-, wọn, ilẹ̀. Ẹ wo adájọ́: a-, dá, ẹjọ́. Ohun tí ènìyàn ń ṣe gan-an ni àwọn àgbà fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Wọn kì í wo ẹni tó jókòó lókè rẹ̀. Nítorí náà, atòwé-ẹjọ́ ni mo mú wá: ẹni tí ń to ìwé ẹjọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ọ́ ní "atowé", nítorí a kì í kọ "akọwé". Ohùn ìsàlẹ̀ ìwé ni ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìṣe nínú méjèèjì. Ẹni tó ní atòwé lásán ti tó kò ronú kan àwọn tí ń to ìwé ní ilé ìkàwé. Akọ̀wé lọ́yà tí àwọn kan ń sọ kò burú, ṣùgbọ́n lọ́yà ni ó fi ṣe olówó iṣẹ́ náà, ìjọba sì ni ó gbà wá.

Ohun kan kù tí n kò lè fi pamọ́. Ẹ̀gbọ́n tún ní kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti gùn jù, pé kí a fi "ìtúnpẹ̀jọ́" rọ́pò rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀; ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbà pé òun jẹ̀bi ni ó ń ti ọ̀dọ̀ baálé dé ọ̀dọ̀ ìjòyè, tó ń ti ibẹ̀ dé ààfin, gbólóhùn ẹnu rẹ̀ sì ni àwọn àgbà sọ di orúkọ kóòtù. "Ìtúnpẹ̀jọ́" ń sọ pé a tún ẹjọ́ pè láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ a kò tún un pè; àṣìṣe inú ìdájọ́ ni a ń tọ́ka sí. Ẹ̀gbọ́n sì kọ ọ́ ní "lọ́run" lẹ́ẹ̀mejì. Ọrùn ni, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí rẹ̀.

Ní ti "àkójá" tí àwọn kan níbí fẹ́ fi pe ìdìpọ̀ àkọsílẹ̀ tí a ń fi ránṣẹ́ sí kóòtù òkè, n kò tíì rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Èkó, kó sọ ohun tí wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún fún wa.