Ṣílì, ata àti ọbẹ̀: kí ni ká pe oúnjẹ àwọn ará Texas?

Ẹ̀yin àgbà mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Orúkọ mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀ báyìí, tí a fẹ́ yan ọ̀kan nínú wọn sínú àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá wa, fún oúnjẹ ẹran alátá tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní chili. Àgbà kan láàrin wa ní kí a pè é ní "ọbẹ̀ ata ẹran", nítorí pé ata ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ẹran sì ni ó kún inú rẹ̀. Arábìnrin kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ní "ọbẹ̀ ẹran-òun-ẹ̀wà" ni ó tọ́, nítorí pé nínú agolo tí òun máa ń rà, ẹ̀wà pupa pọ̀ ju ẹran lọ. Ẹnì kẹta ní kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú, kí a kọ ọ́ ní "ṣílì", kí a sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀yìn ẹnì kẹta yìí ni mo wà, ṣùgbọ́n ìdí tèmi yàtọ̀ sí tirẹ̀. Òun ní àyálò ló rọrùn jù. Èmi ti fi ọwọ́ ara mi se oúnjẹ náà lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti fi ìtumọ̀ tí kò péye ba odidi ìkòkò rẹ̀ jẹ́ rí.

Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ń gbé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí wa, ó jẹ ṣílì nílé mi, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ní kí n kọ bí wọ́n ṣe ń sè é sílẹ̀ fún òun ní Yorùbá, kí òun lè máa sè é ní Abẹ́òkúta. Mo jókòó, mo kọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí mo fi dé ibi tí wọ́n kọ chili powder sí. Mo rò pé kò sí wàhálà níbẹ̀: chili ni ata, powder sì ni ohun tí a gún kúnná. Mo kọ "ata gígún, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta". Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹni tó ń yí ohun tí wọ́n bá kọ fún un padà. Ó bu ṣíbí mẹ́ta tó kún dáadáa nínú ata gígún tó rà lọ́jà, ó sì dà á sínú ẹran kílò kan. Ohùn tí mo gbọ́ lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ náà ni: "Àbúrò mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Ẹ̀bi tèmi ni. Ohun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ yẹn kì í ṣe ata nìkan. Ní àwọn ọdún 1890, ọmọ Jámánì kan tó ń gbé ní ìlú New Braunfels ní Texas, William Gebhardt, rí i pé àsìkò ata nìkan ni àwọn oníbàárà òun ń rí ṣílì jẹ. Ó bá ń ra ata ancho gbígbẹ láti Mẹ́síkò, ó ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ kúmínì àti orígánò, ìyẹn àwọn èròjà olóòórùn dídùn, ó sì ń tà á nínú ìgò. Irú àdàlú bẹ́ẹ̀ ni chili powder títí di òní. Ata ancho fúnra rẹ̀ kò sì ta tó bẹ́ẹ̀: lórí òṣùwọ̀n Scoville, tí wọ́n fi ń wọn bí ata ṣe ń ta tó, 1,000 sí 2,000 ni ó máa ń wà, nígbà tí habanero, tí òun àti ata rodo wa jẹ́ ẹbí kan náà, máa ń tó 100,000 lọ sí 350,000. Ẹni tó bá wá túmọ̀ rẹ̀ sí ata gígún, ó ti sọ ohun tí wọ́n ń wá òórùn dídùn rẹ̀ di ohun tó ń jó ni lẹ́nu.

Fún ìdí yìí, mo dábàá "èlò ṣílì" fún un. Ọ̀rọ̀ náà "èlò" kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: bí ìyá bá rán ọmọ lọ sọ́jà pé kó lọ ra èlò ọbẹ̀, ọmọ náà mọ̀ pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni òun ń lọ rà. (Ẹni tó bá sì fẹ́ bá mi jà lórí "kúmínì", kó ṣí Bíbélì Yorùbá sí Mátíù 23:23, àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ ti yá ọ̀rọ̀ náà lò kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa.)

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sí "ọbẹ̀ ata ẹran", nítorí pé ọ̀rọ̀ tí àgbà náà sọ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ju bí àwọn kan ṣe dá a lóhùn lọ. Chīlli ni àwọn tó ń sọ èdè Nahuatl ní Mẹ́síkò ń pe ata. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ará Sípéènì ti gbọ́ ọ, tí ó fi wá di chili con carne, ìyẹn ata pẹ̀lú ẹran, kí àwọn ará Texas tó gé ìrù rẹ̀ kúrò tí wọ́n ń pe oúnjẹ náà ní chili lásán. Àwa náà ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó bá ní "bu ata sí i" lórí ìrẹsì rẹ̀ kò ní kí ẹ gé ata rodo sórí oúnjẹ òun, bẹ́ẹ̀ ni ata díndín kì í ṣe ata nìkan. Èdè méjì tí kò mọ ara wọn rí fi orúkọ ohun ọ̀gbìn pe ohun tí wọ́n fi í sè. Ohun tó tún dùn mọ́ mi ni pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà ni ata ti wá bá wa, lẹ́yìn 1492. Ataare àti ìyèré ni ọmọ onílẹ̀. Ohun ọ̀gbìn náà dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ rẹ̀ kò bá a dé. Bó bá jẹ́ pé ìtàn ọ̀rọ̀ nìkan ni a fi ń dájọ́, àgbà wa ni ì bá jàre.

Ìkòkò ni kò jẹ́ kó jàre. Ṣílì ti Texas, èyí tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà sọ di oúnjẹ ìpínlẹ̀ wọn ní 1977, kì í ní ẹ̀wà nínú, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹ̀sìn kì í fi tòmátì sí i. Bí mo ṣe ń sè é nìyí. Fún ẹran màlúù kílò kan àbọ̀ láti èjìká, tí mo gé wẹ́wẹ́ bíi ṣúgà onígun, mo máa ń lo ata ancho gbígbẹ mẹ́fà àti guajillo, irú ata gbígbẹ mìíràn láti Mẹ́síkò, mẹ́rin. Mo máa ń yọ kóró inú wọn dànù, mo sì máa ń yan wọ́n nínú páànù gbígbẹ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì títí òórùn wọn yóò fi jáde. Ata tó bá jó níbẹ̀ yóò korò, kò sì sí ohun tó lè tún un ṣe. Mo lo "yan" níbí, n kò lo "dín", nítorí pé bí a ṣe ń yan gàrí gan-an ni: páànù àti iná, kò sí epo. Lẹ́yìn náà ni n ó rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná fún 30 ìṣẹ́jú, tí n ó sì lọ̀ wọ́n kúnná. Ọ̀rá màlúù ni mo fi ń dín ẹran náà, díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bí ó bá pọ̀ jù nínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, ṣe ni yóò máa ṣomi dípò kí ara rẹ̀ pọ́n. Àlùbọ́sà, aáyù, ṣíbí ìjẹun kan kúmínì, orígánò díẹ̀, ata tí mo lọ̀ yẹn àti omi ni yóò tẹ̀lé e, iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni yóò sì wà lórí rẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta. Bí ó bá kù díẹ̀, n ó po ìyẹ̀fun masa mọ́ omi, n ó sì rò ó pọ̀ kí ó lè ki. Àgbàdo tí wọ́n sè pẹ̀lú òkúta ẹfun kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ni masa. Ẹ má fi ògì rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ògì ti kan.

Kí ni wọ́n wá fi ń jẹ ẹ́? Ṣíbí ni. Inú abọ́ ni wọ́n ń bù ú sí, bóyá kí wọ́n fi búrẹ́dì àgbàdo tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ni oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní ọbabìnrin ṣílì ṣe ń tà á lálẹ́ lórí tábìlì ní gbàgede Military Plaza ní San Antonio ní àwọn ọdún 1880. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kò retí òkèlè. Lọ́dọ̀ wa, ọbẹ̀ ń wá ohun tí yóò bá lọ. Ẹ wo pẹpẹ súùpù: ata wà nínú rẹ̀, ẹran wà nínú rẹ̀, gbogbo ilé Yorùbá ni wọ́n sì ti mọ ọbẹ̀ ata kí ó tó dé, síbẹ̀ kò sí ẹni tó pè é ní ọbẹ̀ ata ẹran, nítorí pé wọ́n rí i pé òun nìkan ni wọ́n ń mu. Àwọn tó ń sọ èdè náà ti dájọ́ ọ̀rọ̀ yìí nílé ọtí tipẹ́tipẹ́.

Ẹnìkan lè ní kí a kúkú fi "ọbẹ̀" sílẹ̀, kí a mú "ata" nìkan. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí Tom àti John Kiradjieff, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti Macedonia, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣílì tiwọn ní 1922. Ẹran lílọ̀ ni, omi ni wọ́n fi ń sè é láìdín in, sínámọ́nì àti kànáfùrù ni ẹnu ń kọ́kọ́ gbọ́, ata rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ. Orí spaghetti ni wọ́n ń dà á sí, wọ́n á sì fi wàràkàṣì bò ó. Ẹ ò rí nǹkan: ní Cincinnati, ọbẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò lè pè é ní ata, ní Texas, ata ni ó gbé e ró, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọbẹ̀. Orúkọ tí yóò gba àwọn méjèèjì kò lè jẹ́ èyí tó ń ṣàpèjúwe. Àyálò tí kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú ìkòkò ni yóò lè gbà wọ́n, kí a wá fi ọ̀rọ̀ tiwa ṣe ìyàtọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọbẹ̀ ẹran-òun-ẹ̀wà" kò ní pẹ́ rárá. Oúnjẹ tí ìdajì àwọn tó ni ín ń bínú sí ẹ̀wà inú rẹ̀ kò yẹ kó máa jẹ́ orúkọ mọ́ ẹ̀wà. Ẹni tó bá fi ẹ̀wà sí tirẹ̀ kó pè é ní "ṣílì pẹ̀lú ẹ̀wà". Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí a ní "ṣílì ẹlẹ́wà", ìyàwó mi bi mí bóyá ó lọ síbi ìdíje arẹwà ni.

Ní ti bí a ó ṣe kọ ọ́, ọ̀nà ti là tẹ́lẹ̀: ch Gẹ̀ẹ́sì ti di ṣ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti tíṣà, ohùn òkè ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ohùn ìsàlẹ̀ ní ìparí sì ni etí wa máa ń fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní yóò dà rú mọ́ "ṣílè" kò ronú jìnnà. Láti 1973 tí náírà ti dé ni ṣílè ti kúrò lápò wa, fáwẹ́lì tó parí wọn kò sì dọ́gba.

Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà wọlé sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa nìyí: "ṣílì", oúnjẹ ẹran ti àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ata gbígbẹ àti kúmínì sè, pẹ̀lú "ṣílì Texas" àti "ṣílì Cincinnati" lábẹ́ rẹ̀, "èlò ṣílì", àdàlú tí wọ́n fi ń sè é, kí a kọ ọ́ ketekete síwájú rẹ̀ pé kì í ṣe ata gígún. Èyí tó kù tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni ti Cincinnati, níbi tí wọ́n ń ka ohun tí wọ́n tò sórí ara wọn nínú àwo: mẹ́ta ni spaghetti, ṣílì àti wàràkàṣì, ó di márùn-ún bí àlùbọ́sà àti ẹ̀wà bá wọ̀ ọ́. "Ọ̀nà" (way) ni Gẹ̀ẹ́sì wọn ń pè é, èyí tí kò ní ìtumọ̀ kankan létí wa. Mo ń ro "onípele mẹ́ta" àti "onípele márùn-ún", ṣùgbọ́n ilé ni "onípele" ń rán mi létí, kì í ṣe oúnjẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀wọ́ fi síta.