Ẹ̀rọ tó ń ka ẹsẹ, ṣé Ifá ló ń dá?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Òṣogbo. Àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá ni mo fẹ́ fèsì sí, pé kí a máa pe àwọn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi ní ọ̀rọ̀ Ifá lórí fóònù ní "babaláwo ẹ̀rọ", kí a sì gbà pé ẹ̀rọ lè "dífá", ó sì lè "gbàdúrà". Ẹ̀rí wọn kò kéré. Wọ́n rán wa létí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn máa ń ṣí nípò: ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni àdúrà, ìwàásù, àlùfáà àti wòlíì ti wá, àwọn Kristẹni sì gbà wọ́n lò, débi pé kò sí ẹni tó ń ka Bíbélì Yorùbá lónìí tó ń wo wòlíì bí àlejò.

Mo gba ẹ̀rí yìí. Àmọ́ ènìyàn ni àlùfáà lọ́dọ̀ Mùsùlùmí, ènìyàn náà ló jẹ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Kristẹni, ẹni tí a lè bi pé kí ló dé tó fi sọ báyìí, tí yóò sì dáhùn níwájú ìjọ rẹ̀. Èyí tó dùn mí nínú irú ìṣípò bẹ́ẹ̀ ni ti Èṣù, tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fi pe Sátánì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n yàn, òrìṣà kan sì ń ru ẹ̀sùn rẹ̀ títí dòní.

Mo gbé ọ̀rọ̀ wa lọ bá àgbà babaláwo kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n jẹ́ ẹbí ìyá mi. Mo ka ìdáhùn tí ẹ̀rọ fún mi sí wọn létí, pẹ̀lú ẹsẹ tó ní láti inú Èjì Ogbè ni òun ti mú un àti ẹbọ tó ní kí n rú. Baba gbọ́ ọ tán, wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló sọ ohun tó ń dùn ọ́ fún un?" Mo ní èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó wá dífá kì í kọ́kọ́ ro ẹjọ́ fún babaláwo. Owó ni yóò mú, yóò sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sí i ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, yóò fi í lélẹ̀, babaláwo yóò lo ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí ikin 16, odù kan nínú 256 yóò yọ, wọn yóò sì máa ki ẹsẹ rẹ̀ títí oníbèéèrè yóò fi gbọ́ èyí tó bá tirẹ̀ mu. Ifá ni a gbà pé ó gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn. Ohun tí a bá tẹ̀ sí ẹ̀rọ ni òun fi ń wá ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí àkójọ ìwé rẹpẹtẹ tí wọ́n fi kọ́ ọ ṣe fi hàn án. Odù kankan kò yọ, nítorí náà kò sí ohun tí a lè pè ní dídá níbẹ̀. Awo tó wà nínú "babaláwo" kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ síta ló ń kó jọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ̀rọ ń ka ẹsẹ, kí a fi "kì" àti "dá" sílẹ̀ fún ẹni tó tẹ Ifá.

"Gbàdúrà" tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn a gbàdúrà, Ọlọ́run a sì gba àdúrà: ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló dúró ní ìkángun méjèèjì, ẹ̀rọ kò sì sí ní èyíkéyìí. Ní ìlú Fürth ní Jámánì, ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n ṣe ìsìn kan tí ChatGPT, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá yìí, kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwòrán tó ń sọ̀rọ̀ ló sì darí rẹ̀ fún èrò tó lé ní 300. Nígbà tó kan Àdúrà Olúwa, àwọn kan kọ̀ láti gbóhùn sókè bá a wí i. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹgbẹ́ Catholic Answers, tí í ṣe ti àwọn Kátólíìkì, gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní Father Justin, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ àlùfáà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ìbínú àwọn ọmọ ìjọ mú kí wọ́n yọ oyè náà kúrò, ó ku Justin lásán. Ẹ̀rọ náà kò yí padà púpọ̀, orúkọ ló dá ìjà sílẹ̀.

Àbá tèmi ni "ẹ̀rọ atọ̀rọ̀jọ", nítorí pé ó ń to ọ̀rọ̀ jọ. Mo ti kọ́kọ́ rò ó pé kí n fi í mọ sí "atọ̀rọ̀", ṣùgbọ́n bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, yóò dà bí "atọrọ", ẹni tó ń tọrọ, títọrọ sì ni ìdí àdúrà gan-an. Ẹ̀rọ atọ̀rọ̀jọ to ọ̀rọ̀ àdúrà. Ìyá tó kà á lórí ọmọ rẹ̀ ló gbàdúrà.

Ó ku "wàásù", èyí tí mi ò tíì yanjú nínú ara mi. Bí pásítọ̀ bá dúró lórí pẹpẹ tó ka ìwàásù tí ẹ̀rọ tò fún un láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, mo ṣì fẹ́ sọ pé òun ló wàásù, nítorí òun ni ìjọ yóò bi léèrè. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kò tilẹ̀ kà á rí kó tó gun orí pẹpẹ, ó dà bíi pé "kà" ni mo máa lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.