Ta ló ń wọn èéfín mọ́tò n'Ìbàdàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aṣọ ni mò ń tà ní Ìwó Ròódù, ìsọ̀ mi kọjú sí ibi táwọn takisí Micra ti ń pe èrò. Bí mo bá nu pẹpẹ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, àkísà tí mo bá tún fi nù ún á dúdú bí ìdí ìkòkò. Léèsì funfun ni mo sì ń tà jù! Ọmọ tó ń bá mi tajà ti ń wúkọ́ láti bí oṣù méjì.

Òfin wà o. Láti 2011 ni ìlànà NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, lórí èéfín ọkọ̀ ti jáde. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà ní kí eruku wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní PM2.5 má kọjá máíkírógíráàmù 15 nínú mítà kúbíkì afẹ́fẹ́ kan láàárín wákàtí 24.

Wọ́n pe àwa ọlọ́jà sí ìpàdé lórí àtúntò gáréèjì. Mo béèrè bóyá wọ́n wọn afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ọ̀gá kan rẹ́rìn-ín: "Ìyá aláṣọ, afẹ́fẹ́ kì í ja tíkẹ́ẹ̀tì."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti lo ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn PM2.5 rí, ṣé ó ṣeé gbára lé, pàápàá lásìkò òjò tí ọ̀rinrin pọ̀? Ṣé ẹnu ọ̀nà ni kí n gbé e kọ́ ni àbí inú ìsọ̀? Ọjọ́ mélòó ni kí n fi kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n má baà tún fi mí rẹ́rìn-ín nípàdé tó ń bọ̀?