Àbọ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìsinmi tí mo béèrè fún ọmọ mi ní Kubwa, l'Abuja

Ẹ kú àdúrótì o. Ẹ rántí pé mo béèrè ibi tí ọmọ ọdún 16 tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí ti lè rí owó gidi nínú ìsinmi ńlá yìí. Ó ti rí i.

Iṣẹ́ gbígbé bulọ́ọ̀kù tí ẹnì kan dábàá, a ò bá a lọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 máa gbé ẹrù tó lè pa á lára, èmi náà ò sì gbà. Àwọn tó ní kó kọ́kọ́ sanwó fọ́ọ̀mù, a ò dá wọn lóhùn. Ta ní ń sanwó kó tó ṣiṣẹ́?

Alásè kan ní Gwarinpa ló gbà á fún òde Sátidé. Kó gbé oúnjẹ, kó palẹ̀ mọ́, kó ka àwo kí ọkọ̀ tó gbéra. Alásè ti sọ fún wọn pé àwo tó bá sọnù, àwọn ló máa san owó rẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́, ọbẹ̀ dé inú bàtà rẹ̀. Owó ọkọ̀ wà lọ́tọ̀. (Ẹran tó ń dé sílé, a kì í kà á mọ́ owó.)

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lẹ́sìn, ìyẹn kíkọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ló mówó wá jù. Òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní Central Area, tí gosiló Kubwa kì í jẹ́ kó tètè délé, ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà alásè, kó kọ sí mi ní kọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò lè jí láago márùn-ún, ẹ má wulẹ̀ rán an. Mo ti ọ̀rọ̀ yìí pa.