Pèpéle, ojú òpó àbí ìpìlẹ̀: kí ni ká pe Android àti iOS ní kíláàsì?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní áàpù ṣíṣe ní yunifásítì ní Àkúrẹ́ fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ìdí tí ẹ̀ka wọn fi mú Android, tí wọn ò mú iOS. Ó ní ká bá òun wá orúkọ fún ohun tí àwọn méjèèjì jẹ́, ìyẹn pulátífọ́ọ̀mù, ètò inú fóònù tí áàpù ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀: iOS ni ti iPhone, Android sì ni ti ọ̀pọ̀ fóònù yòókù. Ẹ̀gbọ́n wa láti Oǹdó ní "pèpéle" ni. Àbúrò wa kan ní "ojú òpó" ti wà lẹ́nu àwọn oníròyìn, kí la tún ń wá?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, pèpéle ò gbà á. Mo mọ ohun tí ẹ rí. Pèpéle ni ibi gíga tí a mọ síwájú ilé, tí èèyàn ń jókòó sí, áàpù náà sì jókòó sórí Android. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí pèpéle wa lè dìde, kó lọ jókòó sí ti aládùúgbò. Áàpù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Fáìlì APK, ìyẹn fáìlì tí a fi ń gbé áàpù sórí fóònù Android, tí ọmọ kan ṣe, tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tó bá dé orí iPhone ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò ní ṣí, bó ti wù kó tẹ̀ ẹ́ tó. Ohun tó máa rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú nìyẹn. Bí orúkọ tí a sọ nǹkan bá wá ń ta ko àlàyé rẹ̀, olùkọ́ á kàn máa tú ohun tí a so ni.

Ní ti ojú òpó, àbúrò mi, ó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Ojú òpó Facebook, ojú òpó ilé-iṣẹ́ kan: ibi tí èèyàn ti ń lọ ka nǹkan tàbí lọ sọ tẹnu rẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbọ́ "ojú òpó Android" á ṣí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Àléébù kan náà ló wà lára "gbàgede" tí àwọn mìíràn lè fẹ́ dábàá.

Ìpìlẹ̀ ni mo fara mọ́. Ilé tí a kọ́ sórí ìpìlẹ̀ kan, a kì í gbé e lọ sórí òmíràn, àfi ká tún un kọ́. Áàpù Android tí a fi èdè kóòdù Kotlin tàbí Java ṣe, bí a bá fẹ́ irú rẹ̀ lórí iPhone, a sábà máa ń fi Swift, èdè kóòdù ti Apple, tún un ṣe ni. Bí olùkọ́ bá wá dé orí Flutter, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ kóòdù kan ṣoṣo fún Android àti iOS, tí Google gbé ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá 2018, ọ̀rọ̀ náà ò ní já a kulẹ̀: àwòrán ilé kan ṣoṣo la yà, ilé méjì la fi kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìpìlẹ̀ tirẹ̀.

Ẹnìkan ní ìpìlẹ̀ kì í yẹ̀, pé pulátífọ́ọ̀mù sì ń kú. Ta ló ní kì í yẹ̀? Ẹ bi àwọn tó kọ́lé sí àkúrọ̀. BlackBerry tí àwọn ọmọ yunifásítì ń fi PIN rẹ̀ yangàn nígbà kan, oṣù Kínní 2022 ni ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí àwọn fóònù rẹ̀ àtijọ́. Ẹ̀ka tó bá kọ́ ọmọ ní áàpù BlackBerry nìkan nígbà náà mọ ohun tí mo ń sọ.

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti ẹni tó ní "Ìpìlẹ̀ Áàpù Ṣíṣe" lára ìwé á dà bí ẹ̀kọ́ àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ áàpù. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni mo ṣe so ó pọ̀: ìpìlẹ̀-áàpù. Ní Àkúrẹ́ tí ilé ti ń jẹ́ ulé, bí ẹnìkan bá sì pè é ní ùpìlẹ̀, gbogbo wa á ṣì gbọ́.

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé "áàpù ṣíṣe" ni mò ń sọ látòkè wá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sá fún "kíkọ" ni. A ń kọ kóòdù bí ẹni kọ lẹ́tà. A ń kọ́ ilé. Olùkọ́ ń kọ́ ọmọ, ọmọ náà ń kọ́ṣẹ́. Àwa tí a ń tẹ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì sí i la pọ̀ jù, "kiko aapu" sì lè já sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: àkọsílẹ̀ ni, ilé ni, àbí ẹ̀kọ́? Ẹ jẹ́ ká fi kọ sílẹ̀ fún kóòdù, ká fi kọ́ sílẹ̀ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kí áàpù gba ṣe. Ẹ má tún pe áàpù ní ohun èlò fún mi, mo bẹ̀ yín. Ohun èlò ti kún yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì dé ẹnu.

Ẹnìkan tún ní ọ̀rọ̀ ni tiwa, pé ìdí tí wọ́n fi mú Android ò kàn wá. Mi ò gbà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀ ní 1970, ọ̀rọ̀ tó máa wúlò níwájú ọmọ ni wọ́n nílò. Gbogbo wa la mọ ayárabíàṣá, ta ló ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá a tún kọ̀ǹpútà ṣe?

Ohun tí olùkọ́ yẹn fẹ́ sọ nìyí. Xcode tí wọ́n fi ń ṣe áàpù iOS, orí Mac, kọ̀ǹpútà ti Apple, nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Android Studio tí wọ́n fi ń ṣe ti Android ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. Ẹni tó fẹ́ gbé áàpù sí App Store, ọjà áàpù ti Apple, á máa san dọ́là 99 lọ́dọọdún, ti Google Play jẹ́ dọ́là 25, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ sì rìn láti Arákàlẹ̀ dé Ọjà Ọba kí ẹ wo ọwọ́ àwọn èèyàn: Tecno, Infinix, itel, Android ló wà lórí àwọn fóònù ìgbàlódé wọn.

Fóònù tí Android Studio ń ṣe sójú kọ̀ǹpútà fún ìdánwò, tí ẹ pè ní "ayédèrú fóònù", ẹ yí i padà. Ayédèrú ni èyí tí wọ́n tà fún èèyàn ní gbàǹjo tó kú lọ́jọ́ kejì. Àfarawé fóònù ló yẹ ẹ́. Ó tiẹ̀ máa ń jẹ ààyè ìrántí kọ̀ǹpútà débi pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kúkú fi wáyà USB so fóònù tiwọn mọ́ ọn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ "Build number" lẹ́ẹ̀méje níbi ètò fóònù kí ètò àwọn tó ń ṣe áàpù lè ṣí.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ju ìpìlẹ̀-áàpù lọ, kó fi sínú gbólóhùn yìí, ká gbọ́ bó ṣe dún lẹ́nu olùkọ́: "Android ni ìpìlẹ̀-áàpù tí a ó lò ní sáà yìí, torí ó ti wà lápò yín, a ò sì ní torí ẹ̀kọ́ yìí ra Mac."