Àwo bàbá mi àti díráìfù tó ní òun gba 2 TB

Ọmọ Onírẹ́kọ́ọ̀dù, Ìtòkò:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, bóyá ó lè gba ẹnìkan lọ́wọ́ irú àdánù tí mo ṣe.

Àpótí àwo orin mẹ́ta ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ó tó 200 àwo. Sákárà Yusuf Ọlátúnjí wà níbẹ̀, àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ẹ̀gbá tiwa, wà níbẹ̀, jùjú àti wákà náà ò gbẹ́yìn. Ọlátúnjí ti lọ láti 1978, Àyìnlá tẹ̀ lé e ní 1980. Àwọn mìíràn nínú àwo yìí, bí wọ́n bá fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ rí òmíràn rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Ojú méjèèjì àwo kan máa ń tó 40 ìṣẹ́jú, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè sá eré fún un, torí bí orin bá ṣe ń lọ ni kọ̀ǹpútà ń gbà á. N ó fi aṣọ rírọ̀ nu eruku kúrò, n ó gbé abẹ́rẹ́ lé e jẹ́jẹ́, n ó wá jókòó tì í. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é, alaalẹ́. Bit 24 ní 96 kHz, ìyẹn ìwọ̀n ìgbohùn tó ga, ni mo gbà á sí, mo sì tọ́jú rẹ̀ ní FLAC, torí FLAC ń dín fáìlì kù láìgé nǹkan kan kúrò nínú ohùn. MP3 ní tirẹ̀ ń gé e. Bí mo ṣe ṣe é yẹn, àwo kan ń gba nǹkan bí 800 MB.

Kọ̀ǹpútà mi kún, mo bá lọ ra díráìfù, ohun tí à ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti kó fáìlì pamọ́ sí. Wọ́n gbé ọ̀kan jáde fún mi, pẹlẹbẹ, ó ń dán, wọ́n kọ 2 TB (ìyẹn 2,000 GB) sí i lára, wọ́n ní SSD ni, irú tí kò ní nǹkan tó ń yí nínú, tó sì máa ń yára. Owó rẹ̀ ò tó ìdajì ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ 1 TB. Mo gbé e wò, ó wúwo lọ́wọ́ dáadáa. Mo ní Ọlọ́run ló bá mi ṣe é. Mo da gbogbo orin sí i, mo wo orúkọ wọn, ó pé. Mo wá pa ti orí kọ̀ǹpútà rẹ́ kí àyè lè wà.

Ọjọ́ tí a ń ṣe ìrántí bàbá, àwọn ẹ̀gbọ́n mi dé láti Èkó, wọ́n ní kí n fi àpàlà sí i. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi sí i dún, inú gbogbo ilé dùn. Mo tẹ òmíràn, kò sọ nǹkan kan. Mo tẹ òmíràn, ó ké kẹ̀rẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́. Orúkọ orin ń bẹ, ìwọ̀n fáìlì ń bẹ, ohùn ò sí nínú rẹ̀. Àwo bí 70 ló dún nínú gbogbo rẹ̀. Ara mi gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà wò mí títí, ó ní, "Àbúrò, ṣé àwọn àwo náà ṣì wà?" Mo ní wọ́n wà, sà. Ó ní, "A dúpẹ́."

Lọ́jọ́ kejì mo fi ọ̀bẹ là á. Pátákó kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, mẹ́mọ́rì káàdì tí kò ju èékánná lọ wà lórí ẹ̀, irú èyí tí à ń fi sí fóònù, 64 GB ni wọ́n kọ sí i. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kó lè wúwo. Wọ́n ti kọ́ pátákó yẹn láti máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé 2 TB ni òun. Bí 64 GB bá ti kún, yóò máa gba orin lọ bí ẹni pé ó ń tọ́jú ẹ̀, kò sì síbi tó ń kó o sí.

Ní báyìí, díráìfù 1 TB kéékèèké méjì ni mo rà, èyí tí ń yí nínú, ojúlówó, tí olúkúlùkù sì wá láti ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Orin ò béèrè eré, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi SSD dẹ́rù bà yín. Díráìfù tó ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan ti yára tó fún FLAC, ó tún ṣẹ́ kù. Kí n tó da ẹyọ orin kan sí i, mo fi H2testw, ètò kọ̀ǹpútà Windows tó ń dán díráìfù wò, kún un dẹ́nu, mo sì ní kó kà á padà. Odindi òru kan ló gbà lórí ẹyọ kan. Ẹni tó ń lo Mac tàbí Linux, F3, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ni kó wá.

Ìyá Ìbejì, Lafẹ́nwá:

Bọ̀dá, ẹ kú àfaradà o. Ọlọ́run á fi èyí tó dára rọ́pò rẹ̀. Tèmi kì í ṣe ayédèrú, ojúlówó ni. Ńlá ni mo rà, 4 TB, irú èyí tó ní ṣájà tirẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ ara ògiri. Orin ẹgbẹ́ akọrin wa láti ọdún mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àní ìgbà tí màmá tó ń kọ́ wa lórin ṣì wà láyé. Iná ń lọ, iná ń dé, nígbà mìíràn ìgbà mẹ́rin láàárín wákàtí kan, díráìfù náà ń kú, ó ń jí. Lọ́jọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́, kọ́, kọ́. Èmi náà wá ń pa á, mo ń tàn án, mo rò pé yóò gbọ́. Ẹni tí mo gbé e lọ fún padà ló sọ fún mi pé tó bá ti dún báyẹn, kí n yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ ni, torí ẹnu tó ń kàwé nínú rẹ̀ lè máa ha àwo rẹ̀ bó ṣe ń yí.

Mo sunkún. Mi ò tijú láti sọ ọ́.

Kékeré tó ń fa iná lára kọ̀ǹpútà ni mò ń lò báyìí. Bí iná bá lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà gbé e dúró.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Pánṣẹ́kẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Àwọn oníbàárà máa ń bá mi jà lórí 1 TB tó gbé 931 GB wá. Kì í ṣe jìbìtì. Ẹni tó ṣe é ń fi 1,000 kà, Windows ń fi 1,024 kà. Tòkunbọ̀ tí wọ́n lẹ bébà tuntun mọ́ lẹ́yìn ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sọ iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. "Tuntun" kan dé ọ̀dọ̀ mi tó ti lé ní 30,000 wákàtí, ìyẹn ju ọdún mẹ́ta lọ láìsinmi.

Tí Mac àti Windows bá jọ wà nílé, ìlànà ìtọ́jú fáìlì tó ń jẹ́ exFAT ni kẹ́ ẹ ṣe díráìfù sí, torí NTFS, ìlànà ti Windows, Mac máa ń kà á, kì í kọ nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n exFAT ò fẹ́ àfàyọ òjijì rárá. Ẹ tẹ Eject, ẹ dúró, kẹ́ ẹ tó yọ waya.

Ọmọ Onírẹ́kọ́ọ̀dù, Ìtòkò:

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ẹ ṣeun, àbúrò, mo ti wo méjèèjì tèmi, wákàtí wọn ò tíì pé ogún. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi, ìkejì wà nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbarà. Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ni mò ń gbé tuntun lọ fi kún un. Mo ti tún gba àwo 97. Alẹ́ yìí, sákárà kan ló kàn, mo ti nu ojú kìíní rẹ̀ sílẹ̀.