Kálórì 900 ni mò ń jẹ lójúmọ́, òṣùwọ̀n ò sì lọ sísàlẹ̀ mọ́

Sòkòtò Ò Gbà Mí:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. Obìnrin ni mí, ẹni ọdún 34, mo ga ní sẹ̀ǹtímítà 163. Kílò 84 ni mo wọ̀n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ rèé tí mo ti gbé áàpù kan sórí fóònù tí mò ń kọ ohun tí mo bá jẹ sínú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fi kálórì 900 ṣe òpin, torí mo rò pé bí oúnjẹ bá ṣe kéré tó ni màá ṣe tètè fọn tó.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kílò mẹ́rin lọ. Inú mi dùn débi pé mo ra sòkòtò tí kò tíì gbà mí. Láti ìgbà náà, 80, 80.3, 79.8, 80. Kò kúrò lójú kan. Lálaalẹ́ tí mo bá kọ oúnjẹ mi tán, áàpù á kìlọ̀ pé ohun tí mo jẹ kò tó, màá sì pa á dé. Òtútù ń mú mi níbi tí ooru ti ń mú àwọn yòókù. Tí mo bá dìde lójijì, òyì á kọ́ mi. Ìgbẹ́ ò yá. Láàárọ̀ àná mo ya irun, èyí tó kù sínú òòyà pọ̀ tó ohun tí mo lè wé mọ́ ìka lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ mi ní ẹnu ò ṣeé yà sí mi mọ́.

Ṣé kí n tún dín in kù sí 700 ni, àbí kí n jẹun sí i? Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá jẹun sí i, kílò mẹ́rin yẹn á padà wá bá mi.

Ọ̀rá Ò Gbọdọ̀ Dúró:
Ẹ má jẹun sí i o! Èmi jẹ 700 fún oṣù méjì, kílò mọ́kànlá ló lọ. Ọ̀fun ló ń tàn yín. Ẹ máa mu omi.

Màmá Àgbà:
Ìwọ ọmọ yìí, mọ́kànlá lọ, mélòó ló padà wá?

Ọ̀rá Ò Gbọdọ̀ Dúró:
Mẹ́tàlá ni, mà. Ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀.

Màmá Àgbà:
Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Mo ti gbọ́.

Oníṣirò:
Àǹtí Sòkòtò, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní Mifflin-St Jeor, láti 1990 ló ti wà. Ẹ fi 10 sọ ìwọ̀n yín di púpọ̀, ẹ fi 6.25 sọ gíga yín di púpọ̀, ẹ ro méjèèjì pọ̀. Ẹ wá yọ ọjọ́ orí yín lọ́nà 5 kúrò, kí ẹ tún yọ 161 torí pé obìnrin ni yín. (Ọkùnrin kì í yọ 161, 5 ló máa fi kún un.) Pẹ̀lú kílò 80 tí ẹ wọ̀n báyìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,490. Ohun tí ara yín ń ná nìyẹn tí ẹ bá sùn gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ wá ń rìn, ẹ ń ṣiṣẹ́, ẹ ń sáré ọmọ, ẹ fi 1.375 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di nǹkan bí 2,050.

Ọ̀rá kílò kan tó nǹkan bíi kálórì 7,700. Tó bá jẹ́ pé 900 lẹ jẹ gan-an fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí òṣùwọ̀n fi dúró, ó yẹ kí bíi kílò márùn-ún tún ti lọ. Ká tiẹ̀ ní ara ti ń ṣahun díẹ̀ torí ebi, ká ní omi tún bo kílò kan tàbí méjì mọ́lẹ̀, ó yẹ kí nǹkan kan ṣì hàn. Mi ò sọ pé ẹ ń purọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ó kàn dà bíi pé oúnjẹ kan ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Aláásè:
Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè. Lálẹ́ ńkọ́? Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa áàpù dé?

Sòkòtò Ò Gbà Mí:
Ó pẹ́ kí n tó dáhùn torí ojú ń tì mí. Àwọn ọmọ á ti sùn. Bí aago mọ́kànlá, ẹsẹ̀ mi á gbé mi dé ilé ìdáná. Mi ò kì í tan iná. Ìgò ẹ̀pà wà lórí fíríìjì, màá fi ọwọ́ bù ú lórí ìdúró, màá dé e, màá yí padà, màá tún ṣí i. Ìkúnwọ́ mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin. Tí ìrẹsì àwọn ọmọ bá kù sílẹ̀ nínú abọ́, mi ò lè wò ó kó dànù. Mi ò kọ èyíkéyìí sílẹ̀ rí. Lójú mi, ohun tí èèyàn bá jẹ lórí ìdúró ò pé kó jẹ́ oúnjẹ.

Aláásè:
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ìkúnwọ́ ẹ̀pà kan ń lọ sí 160. Mẹ́rin ti lé ní 600 nìyẹn. Òróró tí ẹ fi ń dáná ńkọ́, ṣé ẹ máa ń kọ ọ́? Síbí ńlá kan, 120 ni. Èmi náà kì í kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo máa ń da á láti inú ìgò ni, màá ní “ó kéré”. Ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́n, síbí mẹ́rin ni “ó kéré” tèmi. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Oníṣirò:
Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan o. Lọ́dún 1992, àwọn oníwádìí kan ní New York mú àwọn èèyàn kan tí wọ́n ní àwọn ò jẹ tó 1,200 lójúmọ́ síbẹ̀ tí àwọn ò fọn. Wọ́n wá wọn ohun tí ara àwọn èèyàn náà ń ná, ọ̀nà tí kò ṣeé tàn jẹ ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tí wọ́n ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́.

Nọ́ọ̀sì Òru:
Àbúrò, nọ́ọ̀sì ni mí, ṣùgbọ́n mi ò rí yín lójúkojú, nítorí náà ẹ lọ rí dókítà. Òyì, òtútù, irun jíjá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló kéré, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tọ́rọ́ọ̀dì, ẹ̀yà ara kan ní ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Ṣé nǹkan oṣù ń wá bó ṣe yẹ? Ṣé ẹ ò lóyún, ṣé ẹ ò sì lo oògùn kankan?

Ẹ wo irun yẹn. Bí ebi bá gbo ara, irun kì í já lọ́jọ́ náà. Oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà ló ń já, ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi í mọ ohun tó fà á. Àwọn oníṣègùn kì í sábà fẹ́ kí obìnrin jẹ kéré sí 1,200 lójúmọ́, kí ọkùnrin jẹ kéré sí 1,500, láìsí ẹni tó ń mójú tó o. Oúnjẹ tí ò tó 800, iṣẹ́ dókítà ni, kì í ṣe ohun tí à ń dán wò nílé. Mo ti rí àwọn tó fọn kíákíá tí òkúta dì sínú òróòro wọn, irora yẹn kì í ṣeré.

Nípa ti alẹ́, ẹ má pe ara yín ní ọ̀kánjúwà. Ní 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minnesota, àwọn ọkùnrin 36 yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi fún wọn ní oúnjẹ tí kò ju nǹkan bíi kálórì 1,570 lọ lójúmọ́. Ọkùnrin géndé, ara wọn le. Òtútù ń mú wọn, inú ń bí wọn, wọ́n ń lá abọ́, àwọn kan ń kó ìwé ìdáná jọ bí ẹni ń kó owó. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. 900 lẹ jẹ lójú ọ̀sán, kí lẹ rò pé ẹsẹ̀ yín máa ṣe ní aago mọ́kànlá?

Sòkòtò Ò Gbà Mí:
Omijé bọ́ lójú mi níbi “ẹ má pe ara yín ní ọ̀kánjúwà”. Mo pè é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ni kí n wá ṣe?

Aláásè:
Ẹ kọ́kọ́ jẹun láàárọ̀. Kí lẹ ń jẹ láàárọ̀?

Sòkòtò Ò Gbà Mí:
Tíì tí ò ní ṣúgà.

Aláásè:
Háà. Ẹyin méjì kò ju 150 lọ, ó sì ní gíráàmù 12 èròjà amúaradàgbà. Ẹ fi búrẹ́dì kan àti ẹ̀fọ́ tì í. Lọ́sàn-án, ẹ̀wà tàbí ẹja pẹ̀lú ìrẹsì tí ẹ wọ̀n. Lálẹ́, oúnjẹ gidi tí ẹ jókòó jẹ, kì í ṣe ewé lásán. Ní gbogbo ọjọ́, ẹ jẹ́ kí èròjà amúaradàgbà yín tó gíráàmù 90 sí 100, òun ló ń jẹ́ kí inú kún pẹ́, òun ni kì í sì í jẹ́ kí iṣan bá ọ̀rá lọ.

Oníṣirò:
Ẹ fi òpin yín sí 1,600. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, òróró, ẹ̀pà, ìrẹsì ọmọ. Bí mo ṣe rò ó, ohun tí ẹ ń jẹ báyìí ń lọ sí 1,900 sí 2,000. Torí náà oúnjẹ yín á pọ̀ sí i lójú ọ̀sán, àròpọ̀ rẹ̀ á sì dín kù. Ẹ retí bí ìdajì kílò lọ́sẹ̀, bóyá kó má tó bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òru:
Tí òṣùwọ̀n bá gòkè lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má sá. Súgà tí ara ń tọ́jú pamọ́ ń fa omi mọ́ra, gíráàmù kan rẹ̀ ń gbé bíi mẹ́ta omi. Òun náà ló wà nínú kílò mẹ́rin tó kọ́kọ́ lọ yẹn.

Sòkòtò Ò Gbà Mí *(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin):*
Mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 80.9. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju òṣùwọ̀n síta lójú fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ kejì, 80.1. Láàárọ̀ yìí, 78.8. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi kéré, wọ́n fún mi ní oògùn. Òyì ti lọ, irun ṣì ń já. Ìgò ẹ̀pà ṣì wà lórí fíríìjì. Lánàá mo bu ìkúnwọ́ kan, mo tan iná, mo jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti dúró nínú òkùnkùn lóṣù yìí.

Nọ́ọ̀sì Òru:
Irun á ṣì máa já fún ìgbà díẹ̀ kó tó dáwọ́ dúró. Ẹ má fi oògùn yẹn ṣeré.

Ọ̀rá Ò Gbọdọ̀ Dúró:
Oníṣirò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò tèmi. Ọkùnrin ni mí, ẹni ọdún 29, kílò 97, mo ga ní 176. Màmá Àgbà, ẹ má rẹ́rìn-ín.